Ta ló ń gbé ní United States Minor Outlying Islands?

OmoIyaAlaro:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Mò ń fi fóònù kún fọ́ọ̀mù kan lálẹ́ àná, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ sí, wọ́n ní kí n mú orílẹ̀-èdè tó wà, mo wá ń yí i lọ sísàlẹ̀ títí mo fi dé United States, àfi bí mo ṣe rí òmíràn lábẹ́ ẹ̀ gan-an tí wọ́n kọ United States Minor Outlying Islands sí. Mo ní kí lèyí? Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ti pẹ́ tó ti ń gbé Amẹ́ríkà, ó ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo bá lọ wò ó lórí Google, wọ́n ní erékùṣù ni wọ́n, pé èèyàn ò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wá dàrú mọ́ mi lójú. Tí ò bá sí èèyàn, ta ni gómìnà wọn? Tí wọ́n bá jalè níbẹ̀, kóòtù wo ni wọ́n ń gbé e lọ? Kí ló tiẹ̀ dé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ibi tí ò sí èèyàn sínú fọ́ọ̀mù? Àti pé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ṣé wọ́n ń gba físà ibẹ̀?

Jagunlabi:
Físà kẹ̀! Àwọn ẹyẹ ló máa ṣe ìntáfíù fún ẹ 😂😂 Ẹnì kan sọ fún mi pé Puerto Rico ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ẹ dá wa lóhùn.

AwakoOkun:
Rárá o ọ̀gá Jagun, Puerto Rico ò sí níbẹ̀ rárá. Puerto Rico ní èèyàn tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ, ó ní gómìnà tí wọ́n ń dìbò yàn, ó sì ní àyè tiẹ̀ lọ́tọ̀ nínú fọ́ọ̀mù yẹn kan náà. Èyí tí àbúrò wa ń béèrè, àkójọ lásán ni, ibi mẹ́sàn-án tó jìnnà síra wọn gan-an ni àwọn tó ń ṣètò kóòdù orílẹ̀-èdè kó sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, UM ni kóòdù ẹ̀. Mẹ́jọ wà lójú òkun Pàsífíìkì: Howland, Baker, Jarvis, Johnston, Kingman Reef, Palmyra, Midway àti Wake. Ìkẹsàn-án, ìyẹn Navassa, wà lọ́dọ̀ Haiti níbẹ̀ yẹn, Haiti náà sì ní tòun ni. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ò ju pé Amẹ́ríkà ló dì wọ́n mú, tí ò sì sí ìlú kankan lórí wọn. Nígbà kan wọ́n tiẹ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn, .um, bí a ṣe ní .ng, kò sẹ́ni tó lò ó, yunifásítì tó ń bójú tó o ní Kalifóníà ní ó ti sú òun, ni ICANN, àjọ tó ń ṣètò orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, bá pa á rẹ́ ní 2007.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣófo bákan náà o. Wake wà lọ́wọ́ àwọn ológun òfurufú, òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀. Midway náà ní òṣìṣẹ́. Palmyra máa ń ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì díẹ̀ tó ń pààrọ̀ ara wọn. Ṣùgbọ́n Howland, Baker, Jarvis àti Kingman, kò sí ẹnikẹ́ni, kò sí ilé, kò sí omi mímu. Howland tó 3,100 kìlómítà sí Honolulu, olú ìlú Hawaii. Ẹ wá wo bí ibẹ̀ ṣe rí: ilẹ̀ pẹrẹsẹ, yanrìn àti òkúta iyùn wẹ́wẹ́ tó ń funfun tó ń dáná sójú, koríko díẹ̀ tó rọ̀ mọ́lẹ̀, ẹyẹ, alákàn, ó parí. Gbogbo Howland ò tó kìlómítà mẹ́ta níbùú lóròó. Ibi tó ga jù ní Baker ò ju mítà mẹ́jọ lọ. Kingman tiẹ̀ burú jù, kò ga tó mítà méjì, ìgbì òkun ń gun orí ẹ̀ lọ gun orí ẹ̀ bọ̀.

Báwo ni irú ibẹ̀ ṣe ń dé àárín òkun? Òkè ayọnáyèéfín ló kọ́kọ́ yọrí látìsàlẹ̀ òkun. Iyùn, tí ẹran kékeré ni òun fúnra ẹ̀, á wá máa fi nǹkan bí ẹfun kọ́lé yí etí òkè yẹn ká, níbi tí oòrùn lè dé nínú omi. Tí iná òkè bá ti kú, òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í rì díẹ̀díẹ̀, iyùn ò sì ní gbà, bí òkè ṣe ń rì ni iyùn ń kọ́lé sókè kí oòrùn má bàa bọ́ lọ́wọ́ òun. Lẹ́yìn àìmọye ọdún òkè ti lọ, ó ku iyùn. Palmyra ṣe bíi òrùka, ó ní ọ̀sà láàárín. Howland, Baker àti Jarvis ò ní ọ̀sà, àárín wọn kàn jìn ju etí lọ ni.

Èyí tó ń yà mí lẹ́nu ni òjò. Palmyra, òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún ju 4,000 mìlímítà lọ, igi ga, igbó kún. Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí Jarvis tó wà létí ìlà agbedeméjì ayé, ó gbẹ, igi ò hù. Omi tútù ló fà á. Ìṣàn omi kan wà nísàlẹ̀ òkun níbẹ̀ tó ń lọ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, tó bá lu ara Jarvis ó máa ń fò sókè pẹ̀lú oúnjẹ tó kó látìsàlẹ̀. Òjò ò fẹ́ràn omi tútù, ẹja fẹ́ràn ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi gbẹ tí omi fi kún fún ẹja. Ó kàn jẹ́ pé nígbà tí òkun gbóná ní 2015 sí 2016, iyùn Jarvis tó kú ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ.

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un: Baker àti Howland ni ọjọ́ ti ń parí gbẹ̀yìn ní gbogbo ayé, wákàtí mẹ́tàlá ni wọ́n fi wà lẹ́yìn Nàìjíríà. Tí wọ́n bá ń ṣe oore-ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékòó ní aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán Sunday, alẹ́ Saturday ni Baker ṣì wà, aago mọ́kànlá ààbọ̀.

OmoIyaAlaro:
Haa, ẹ ṣeun gan-an bọ̀dá. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ ti kóòtù àti gómìnà. Báwo ni Amẹ́ríkà tiẹ̀ ṣe dé àárín òkun tó jìnnà tó yẹn láti sọ pé tòun ni, nígbà tí ò sí oúnjẹ tí ò sí omi?

LoyaIjebu:
Ẹ jẹ́ kí n gba eléyìí. Ìgbẹ́ ẹyẹ ló gbé wọn débẹ̀, mi ò sì ṣàwàdà. Láyé ìgbà yẹn, kí wọ́n tó máa fi kẹ́míkà ṣe ajílẹ̀, ìgbẹ́ ẹyẹ òkun tó ti gbẹ tó sì ti dì làwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ń wá kiri, Peru ló ń tà á fún wọn, ó sì wọ́n. Ní 1856 ni ilé aṣòfin wọn bá gbé Guano Islands Act jáde, pé ọmọ Amẹ́ríkà tó bá rí erékùṣù tó ní ìgbẹ́ ẹyẹ lórí, tí kò sí lábẹ́ ìjọba kankan, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbé, tó bá gba ibẹ̀ láìjà, Ààrẹ lè kà á mọ́ ohun ìní Amẹ́ríkà. Òfin yẹn ṣì wà nínú ìwé òfin wọn bí mo ṣe ń tẹ eléyìí. Jarvis, láti 1858 ni wọ́n ti ń wa ìgbẹ́ níbẹ̀ títí di 1879, wọ́n wà á tán, wọ́n kẹ́rù lọ. Palmyra ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, wọ́n fi òfin yìí béèrè ẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ òjò tí ọ̀gá AwakoOkun sọ yẹn ò jẹ́ kí ìgbẹ́ kankan dúró níbẹ̀ rí.

Òfin yẹn fúnra ẹ̀ sọ pé kò pọn dandan kí ìjọba di ibẹ̀ mú lẹ́yìn tí ìgbẹ́ bá tán. Wọ́n sì ti jọ̀wọ́ àwọn kan lóòótọ́, ní 1979 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Kiribati, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní Pàsífíìkì, ní Tarawa, erékùṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn. Àmọ́ wọn ò fi Howland, Baker àti Jarvis sílẹ̀.

Ní ti gómìnà, kò sí. Ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, Department of the Interior, ni 1936 ti fi Howland, Baker àti Jarvis sí lọ́wọ́, lábẹ́ ẹ̀ ni U.S. Fish and Wildlife Service wà, àwọn ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ láti ọ́fíìsì ní Honolulu. Láti 1974 ni wọ́n ti sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ibi ìsinmi ẹranko. Ìṣàkóso ibẹ̀ ò ju fáìlì, pámíìtì, àti ọkọ̀ ojú omi tó ń yà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti kóòtù, òfin ti sọ ọ́ pé kóòtù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Hawaii ló ni ẹjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹjọ́ sì ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1974, tọkọtaya kan tó gbé ọkọ̀ ojú omi wọn lọ sí Palmyra pòórá. Nígbà tó yá ni wọ́n rí ọkọ̀ wọn ní Honolulu lọ́wọ́ ọkùnrin kan àti ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀. Òkú ò sí, torí náà olè jíjà ni wọ́n kọ́kọ́ lè fi kàn wọ́n. Ọdún 1981 ni egungun ìyàwó jáde létíkun Palmyra, ẹ̀gbẹ́ àpótí kan báyìí ló wà, ti ọkọ ò jáde dòní. Wọ́n wá pe ẹjọ́ ìpànìyàn, wọ́n gbé e kúrò ní Hawaii lọ San Francisco torí ariwo ti pọ̀ jù, wọ́n dá ọkùnrin náà lẹ́bi, wọ́n dá obìnrin sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, òfin sì débẹ̀.

Palmyra yìí gan-an, ó máa ń ru àwa lọ́yà sókè. Nígbà tí Amẹ́ríkà gba Hawaii ní 1898, Palmyra bá a lọ. Nígbà tí Hawaii wá di ìpínlẹ̀ ní 1959, wọ́n yọ Palmyra sẹ́yìn. Ó wá di pé nínú gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí kì í ṣe ìpínlẹ̀, òun nìkan ni òfin ìpìlẹ̀ wọn dé pátápátá, Puerto Rico tó ní mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ò ní irú ẹ̀! Ìjọba sì bá ìdílé tó ra ilẹ̀ ibẹ̀ ṣẹjọ́ títí dé kóòtù tó ga jù, ìdílé yẹn ló borí ní 1947. Ọwọ́ wọn ni The Nature Conservancy, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, ti wá rà á ní 2000.

Iya_Tobi_Houston:
Ẹ kú àlàyé o ẹ̀yin ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé èèyàn ò gbé ibẹ̀ rí, ìyẹn ò dáa tó. Ẹ gbàgbé àwọn ọmọ Hawaii.

Ní 1935 ni ìjọba Amẹ́ríkà ń wá ibi tí bàálù lè bà sí lójú ọ̀nà Australia, wọn ò sì fẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú wọn. Wọ́n ní ibi tí èèyàn bá ń gbé ni ẹnu àwọn á fi gbà pé tàwọn ni. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n lọ kó àwọn ọmọkùnrin ọmọ ìbílẹ̀ Hawaii, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní Kamehameha Schools ni, wọ́n já wọn sílẹ̀ ní mẹ́rin mẹ́rin lórí Howland, Baker àti Jarvis. Dọ́là mẹ́ta lóòjọ́. Inú àgbá ni omi mímu ti ń bá ọkọ̀ dé, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí sílẹ̀, kí wọ́n máa pẹja, kí wọ́n ṣáà wà níbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ sọ ibi tí wọ́n ń gbé lórúkọ ìlú, ti Howland ń jẹ́ Itascatown, orúkọ ọkọ̀ tó gbé wọn wá. Títí di 1942, wọ́n ju àádóje lọ tí wọ́n ti pààrọ̀ ara wọn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní àrùn ìfun ní 1938, inú ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ wálé ló kú sí, torí dókítà ò sí nítòsí.

Àwọn ọmọ yìí ló bá wọn tún ilẹ̀ ṣe tí Amelia Earhart, obìnrin awakọ̀ bàálù tó lókìkí nígbà yẹn, ì bá fi bàálù bà sí Howland ní July 2, 1937. Wọ́n ti tún yàrá ṣe dè é, wọ́n ṣe ibi ìwẹ̀ fún un. Ọkọ̀ Itasca dúró lẹ́bàá erékùṣù, wọ́n ń gbọ́ ohùn ẹ̀ lórí rédíò, òun ò gbọ́ tiwọn dáadáa, kò sì rí ilẹ̀ tó tẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn láàárín òkun. A ò rí i mọ́ títí dòní. Gbogbo ayé mọ orúkọ ẹ̀. Ta ló mọ orúkọ Joseph Keliʻihananui àti Richard Whaley? Ní December 8, 1941, ọjọ́ kejì tí Japan kọlu Pearl Harbor, bàálù Japan mẹ́rìnlá ju bọ́ǹbù sí Howland, àwọn méjèèjì kú síbẹ̀. Àwọn tó kù sá pamọ́ títí di January 31, 1942 kí ọkọ̀ ogun tó wá kó wọn. Ọmọ ológun kọ́ ni wọ́n o. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ní ibi tí ò sí èèyàn, ẹ rántí pé wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe òpó ààlà ni.

Jagunlabi:
Ìyá Tóbi ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n bàálù ayé òde òní ò nílò ibi ìsinmi lọ́nà mọ́, ìgbẹ́ ẹyẹ ti tán, kí ni wọ́n tún ń dì mú?

AwakoOkun:
Omi! Ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò. Láti 1983 ni Ààrẹ Reagan ti kéde pé òkun tó yí gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ká dé 200 máìlì orí omi, tiwọn ni ẹja ibẹ̀ àti ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹ wá fojú ṣírò ẹ̀. Howland àti Baker pa pọ̀ ò tó kìlómítà márùn-ún níbùú lóròó, òkun tí wọ́n fi gbà ju 400,000 lọ, ìyẹn sún mọ́ ìdajì gbogbo Nàìjíríà. Ẹja túnà ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ìyẹn sì lowó.

Òfin òkun àgbáyé sọ pé àpáta tí èèyàn ò lè gbé, tí kò sì lè bọ́ ara ẹ̀, kò gbọdọ̀ fi gba 200 máìlì. Lọ́yà wa á mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ò tíì fọwọ́ sí òfin yẹn títí dòní, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn jà lórí Howland. Japan ni wọ́n ń bá jà. Wọ́n ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Okinotorishima, òkúta méjì tínńtín lórí iyùn, tí omi bá kún kò yọ ju ibi tí bẹ́ẹ̀dì gbà lọ, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì àti irin yí i ká kí ìgbì má bàa jẹ ẹ́ tán. China àti South Korea ní àpáta lásán ni, Japan ní erékùṣù ni.

LoyaIjebu:
Artíkù 121 nínú òfin òkun àgbáyé yẹn ni. Amẹ́ríkà ò fọwọ́ sí i lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ń ṣe bí ẹni tó gba apá tó pọ̀ nínú ẹ̀. Tí mo bá jẹ́ lọ́yà Howland n óò sọ pé èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí, ìtàn Ìyá Tóbi ni n óò gbé kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi inú àgbá ni wọ́n ń mu, lọ́yà ẹnìkejì á sì fi ìyẹn lù mí pa.

Iya_Tobi_Houston:
😂 Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ ṣáà san owó fún ìdílé wọn. Ọ̀rọ̀ ẹja yẹn náà ti di ìjà lọ́dọ̀ wa ní ibí. Bush sọ omi tó yí àwọn erékùṣù yẹn ká dé 50 máìlì di ibi ààbò ní January 2009, Obama wá fẹ̀ ẹ́ dé 200 máìlì fún Jarvis, Johnston àti Wake ní 2014. Ní April 2025 Trump ní kí àwọn apẹja onísòwò padà wọ ibi tó wà láàárín 50 sí 200 yẹn. Ní tèmi o, kò dáa, ẹja túnà ò ṣàì pọ̀ níbòmíràn.

AwakoOkun:
Àǹtí, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n American Samoa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà mìíràn ní Pàsífíìkì, tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ẹja alágolo ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, àwọn ni wọ́n pariwo jù pé kí wọ́n ṣí i. Ẹni tí ò sí níbẹ̀ ló rọrùn fún láti ní kí wọ́n tì í. Èmi ò sọ pé kí wọ́n kó gbogbo ẹja lọ o.

BabaRedio:
Mo kàn ń kọjá ni, ṣùgbọ́n àbúrò béèrè físà, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn dáadáa. Pámíìtì ni, Fish and Wildlife Service ló ń fún ni, wọn kì í sì fún ẹni tó kàn fẹ́ lọ wo ibẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló sábà ń rí i gbà. Àwa tá à ń fi rédíò bá ayé sọ̀rọ̀ máa ń tọrọ ẹ̀ náà, torí erékùṣù tí ò sí èèyàn ṣòroó gbọ́ lórí rédíò, gbogbo ayé ló ń dúró dè é. Ní 2024 ni àwọn kan lọ sí Jarvis, orúkọ tí wọ́n fi pe ara wọn lórí afẹ́fẹ́ ni N5J. Àpótí rédíò àti ẹ́ríà ni wọ́n gbé sórí ilẹ̀, inú ọkọ̀ tó dúró lójú òkun ni wọ́n ti ń darí ẹ̀, kí ẹsẹ̀ má bàa pọ̀ jù láàárín ẹyẹ.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ju èèyàn lọ ni nǹkan tó bá lẹ̀ mọ́ èèyàn. Aṣọ tí ẹ máa wọ̀ sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kò tíì kan ilẹ̀ ibòmíràn rí, wọ́n á tún kó o sínú fírísà fún odindi ọjọ́ méjì kó tó wọ ibẹ̀, bàtà, báàgì, gbogbo ẹ̀, kí hóró koríko tàbí èèrà kan má bàa bá yín débẹ̀. Wọ́n ti kọ́gbọ́n ni. Ní Johnston, wọ́n rí èèrà pupa rẹ́súrẹ́sú kan ní 2010, tó máa ń tu omi kíkan sójú ẹyẹ tó ń sàba lórí ilẹ̀, ojú ẹyẹ á fọ́. Ó di kí àwọn ọ̀dọ́ kan lọ máa gbé inú àgọ́ níbẹ̀ lóṣù mélòó kan, wọ́n á lọ, àwọn mìíràn á dé, iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa pa èèrà lọ, ó di 2021 kí wọ́n tó kéde pé ó ti tán. Ní Palmyra eku ni, ọkọ̀ ológun ló kó wọn dé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ń jẹ ẹyin ẹyẹ, wọ́n ń jẹ èso igi. Ní 2011 wọ́n fi hẹlikọ́pútà fọ́n májèlé káàkiri ibẹ̀, eku tán pátá. Ẹ̀fọn kan tí wọ́n ti ń bá yí tẹ́lẹ̀ náà bá eku lọ, torí ẹ̀jẹ̀ eku ló ń mu.

OmoIyaAlaro:
Ẹ̀fọn tán?! Ẹ gbé májèlé yẹn wá sí Ìbàdàn o jàre.

BabaRedio:
Kò ní ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ẹ̀jẹ̀ tiyín ni wọ́n ń mu níbẹ̀, kì í ṣe ti eku.